Àpótí Pupa Lórí Ọnà Màámi

Iṣẹ́ ọnà ara aṣọ ni mò ń ṣe l'Ágége, lẹ́yìn ilé búrẹ́dì kan tí òórùn rẹ̀ máa ń jẹ́ kí ebi pa mí kí n tó ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Kì í ṣe ọwọ́ ni mo fi ń ṣe é, ẹ̀rọ ni. Kọ̀ǹpútà á sọ ibi tí abẹ́rẹ́ máa gbà, abẹ́rẹ́ á sì máa sáré lọ. Màámi ni wọ́n fi ọwọ́ ṣe tiwọn l'Ógbómọ̀ṣọ́. Orí bébà sìmẹ́ńtì ni wọ́n ya gbogbo ọnà ọrùn agbádá wọn sí. Ikán ti jẹ bébà náà tán báyìí, àmọ́ mo ti kó àwọn ọnà yẹn sínú kọ̀ǹpútà kí ikán tó dé. Ọ̀dọ̀ mi ni Màámi ń gbé báyìí, ojú tiwọn náà sì ti wá ń ṣe bàìbàì. Inú kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ni ọnà wọn kù sí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo pe ọnà tí Màámi fẹ́ràn jù síta, ni àpótí pupa kan bá yọ láàárín rẹ̀. Antifáírọ́ọ̀sì tí oníkọ̀ǹpútà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bá mi fi sí i ló ń pariwo. Ó ní àwọn fáìlì kan tó jẹ́ ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà náà ti kó àrùn, ṣé kí òun pa wọ́n rẹ́? Mo ka orúkọ àwọn fáìlì náà. Lẹ́tà àti nọ́ńbà lásán ni, bí ìgbà tí ọmọ ọwọ́ bá ń gbá kíbọ́ọ̀dù. Mo fi ọwọ́ lé máòsì, mo tún gbé e kúrò. Ta ni ìwọ̀nyí? Ta ló mú wọn wọlé mi? Tí mo bá pa wọ́n rẹ́, ṣé kọ̀ǹpútà á tún jí? Tí mi ò bá sì pa wọ́n rẹ́, ṣé wọn ò ní jẹ ọnà Màámi bí ikán ṣe jẹ bébà? Ọ̀rọ̀ náà tojú sú mi.

Mo mú fláàṣì, mo ní kí n yára kó àwọn ọnà náà sá. Àpótí mìíràn tún yọ: fláàṣì náà ti kó àrùn. Inú bí mi, mo sọ fláàṣì sínú àpò òwú.

Màámi jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú tẹ̀súbáà wọn. Wọ́n ní, "Kí ló ń bá ẹ jà níbẹ̀?"

Mo ṣàlàyé.

"Ta ló fẹ̀sùn kan àwọn fáìlì ọ̀hún?"

"Antifáírọ́ọ̀sì ni, Màámi."

"Ṣé o ti gbọ́ tẹnu tiwọn náà? Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ò wá. Báwo ni fáìlì ṣe fẹ́ rojọ́? Àmọ́ ẹni tó lè gbẹnu sọ fún wọn wà.

Mo pe ọmọkùnrin tó kọ́kọ́ to kọ̀ǹpútà náà fún mi, tó ti jápa lọ sí Kánádà. Kò tiẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. "Àǹtí mi, ẹ má delete nǹkan kan o! Àwọn fáìlì yẹn ló ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá yọ wọ́n, ó tán nìyẹn."

Mo pe èkejì, ẹni tó fi antifáírọ́ọ̀sì sí i, tó ní ṣọ́ọ̀bù n'Íkẹjà. Òun ń rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. "Àǹtí, ẹ delete gbogbo ẹ̀ jàre. Ẹni tó mú olè wọlé, ṣé á ní olè ni?"

Ẹ gbà mí o. Mo ti gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì, mi ò sì rí ẹjọ́ dá. Ẹni tó ní kí n má pa wọ́n rẹ́ ò sí nítòsí tó bá bàjẹ́. Ẹni tó ní kí n pa wọ́n rẹ́ ò mọ ohun tí mo kó síbẹ̀.

Mo wá rántí pé ẹni tó ni ọnà ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Mo tẹ́ aṣọ dúdú sórí tábìlì, mo fún Màámi ní ṣọ́ọ̀kì tí télọ̀ fi ń sàmì. "Màámi, ẹ bá mi yà á síbí kí n tó tẹ nǹkan kan."

Wọ́n tẹrí ba títí imú wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan aṣọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti etí. Ọwọ́ wọn ò gbọ̀n. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé àpótí pupa. Àfi ìgbà tí wọ́n dé àárín tí ṣọ́ọ̀kì dúró.

"Kí ló wà níbí?" Wọ́n kọjú sí mi. "Ìwọ tí ò ń ṣe é lójoojúmọ́, kí ló wà níbí?"

Mo wo aṣọ náà. Àìmọye agbádá ni mo ti ṣe ọnà yẹn sí, gbogbo wọn ti lọ bá ẹni tó ni wọ́n. Mi ò mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ ló mọ̀ ọ́n. Mo gbójú sókè wo kọ̀ǹpútà. Àárín gan-an ni àpótí pupa jókòó sí.

"O ò mọ̀ ọ́n?"

Wọn ò bínú. Ì bá sàn kí wọ́n bínú. Ojú tì mí, omi lé ròrò sójú mi.

Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo rí ọ̀rọ̀ kékeré kan nísàlẹ̀ àpótí náà, tó ní kó di ìgbà mìíràn. Mo tẹ̀ ẹ́. Àpótí kúrò, àárín ọnà yọ, mo di ọwọ́ Màámi mú, a jọ yà á parí.

Títí di òní, mi ò tíì pa fáìlì kankan rẹ́, mi ò sì mọ̀ bóyá ó yẹ kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Àràárọ̀ ni àpótí náà ń yọ, àràárọ̀ ni mò ń dá a lóhùn pé ó di ìgbà mìíràn. Àmọ́ kí n tó tan ẹ̀rọ, màá kọ́kọ́ fi ṣọ́ọ̀kì ya ọnà kan láìwo kọ̀ǹpútà. Màámi á sún mọ́ ọn, wọ́n á wò ó títí. Tí mo bá ṣì í yà, wọ́n á ní, "Pa á rẹ́, tún un yà."

Ìyẹn nìkan ni mo lè pa rẹ́ láìbẹ̀rù.