Mọ́gáàdì Tí Kò Gba Abẹ́ Búrékì Kọjá

Òórùn tí mo fi ń mọ̀ pé Sátidé ti dé nígbà èwe mi ni òórùn ilẹ̀ tí òjò rọ̀ sí mọ́jú, tí òórùn bisikíìtì láti ilé-iṣẹ́ kan lọ́nà Ìsọlọ̀ dà pọ̀ mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní Òkè-Afá nígbà tí àdúgbò wa kò tíì ní títì ọlọ́dà á mọ ohun tí mò ń sọ. Imú á máa gbọ́ òórùn dídùn, ẹsẹ̀ á sì ti rì sínú ẹrẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. Irú òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi ti kẹ̀kẹ́ kan wọlé láti Oṣòdì.

Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mò ń wí, kì í ṣe ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí gbogbo Èkó ń wọ̀ báyìí. Tòkunbọ̀ ni, irú èyí tí àwọn eléré-ìje ń gùn, tí a ń pè ní résà. Táyà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ bí ìwo àgbò, búrékì rẹ̀ sì sún mọ́ táyà bí ẹni tó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ sí i létí. Bàbá mi, tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ilé-iṣẹ́ oníke kan ní Ìsọlọ̀, ní èmi ni òun rà á fún, kí n máa gùn ún lọ sí ilé-kéú.

Ìyá mi wo kẹ̀kẹ́ náà títí. Ó ní ó dára. Ó ní òun ń lọ ra ata. Nígbà tó padà dé, kò mú ata kankan lọ́wọ́, ó ní, "Bàbá Símbíà, ẹ ṣeun gan-an ni. Àmọ́ kò ní mọ́gáàdì."

Mọ́gáàdì ni pẹlẹbẹ irin tó máa ń bo orí táyà kí ẹrẹ̀ má bàa ta sí ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lára. Funfun láti orí dé ẹsẹ̀ la sì máa ń wọ̀ lọ sí ilé-kéú. "Funfun òun àbàwọ́n kì í rẹ́," ni ìyá mi wí. "Lọ́jọ́ tí bàbá rẹ bá rí mọ́gáàdì fi sí i, kí o gùn ún lọ."

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ìyá mi. Kì í sọ pé rárá fún ọmọ. Tí mo bá ní mo fẹ́ bá àwọn ẹgbẹ́ mi lọ sí etí òkun, á ní kò burú, kí òkun ṣáà ti dákẹ́ jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo tó gbọ́ pé ibi tó lọ lọ́jọ́ ata yẹn, ọ̀dọ̀ fọkanáísà tó wà ní ìkóríta wa ni. Ọ̀gbẹ́ni náà sì ti fi dá a lójú pé kò sí mọ́gáàdì tó lè gba abẹ́ búrékì résà kọjá láéláé.

Ohun tí ìyá mi gbàgbé ni irú ọkọ tó fẹ́. Bàbá mi kò gbọ́ "rárá" nínú ọ̀rọ̀ ìyá mi. Iṣẹ́ ló gbọ́. Ó lóṣòó ti kẹ̀kẹ́, ó yọ igi ìṣáná kan, ó fi í sáàárín táyà àti búrékì. Gbogbo súrà tí mo ti há sórí ni mo kà tán níbẹ̀, pé kí igi ìṣáná kọjá.

Ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé ó há ni?" ló bi í.

"Ó há."

"Ó mà ṣe o," ni ìyá mi wí, bí ẹni tó ń báni kẹ́dùn ikú ọ̀tá.

Bàbá mi lọ wá mọ́gáàdì àlòkù kan lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta irin. Ó gbìyànjú ẹ̀, kò gbà. Ó tú lára afẹ́fẹ́ táyà dànù kí àyè lè wà. Àyè wà lóòótọ́, àmọ́ nígbà tí mo jókòó lé e, táyà pẹlẹbẹ mọ́lẹ̀, kẹ̀kẹ́ kò lè lọ. Ìyá mi ní bẹ́ẹ̀ gan-an ló dáa, pé kẹ̀kẹ́ tí kò lọ kì í gbé ọmọ ṣubú.

"Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ni bàbá mi dá a lóhùn. Ó gbé àpótí ìjókòó síwájú kẹ̀kẹ́, ó wò ó títí oòrùn fi yí. Lẹ́yìn náà ló mú ayùn irin, ó sì gé mọ́gáàdì náà sí méjì, níbi tó yẹ kó gba abẹ́ búrékì. Ó fi nọ́ọ̀tì búrékì fúnra rẹ̀ de apá kan síwájú búrékì, ó de èkejì sẹ́yìn rẹ̀, ó fi ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ gbé ìdí wọn dúró. Ibi tí búrékì wà kò ní mọ́gáàdì kankan. Búrékì ló bo ibẹ̀. Bó ṣe ṣe ti táyà iwájú ló fi mọ́gáàdì mìíràn ṣe ti ẹ̀yìn. Ó fá gbogbo etí irin náà kí ó má bàa gé mi lẹ́sẹ̀. Ó yí táyà, kò dún. Ó fún búrékì, ó mú.

Ìyá mi jáde wá. Ó wò ó níwájú, ó wò ó lẹ́yìn, ó wọlé lọ mú ìbòrí funfun tirẹ̀, èyí tó fi ń lọ kírun Jímọ̀, ó fi bò mí lórí títí dé ẹ̀yìn. Ó ní kí n gba inú ẹrẹ̀ iwájú ilé kọjá kí n sì padà. Mo lọ, mo bọ̀. Ó wá tú ìbòrí náà, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì.

"Ẹ wò ó," ló wí, ó nàka sí àmì kékeré kan nísàlẹ̀.

Bàbá mi gbé e sún mọ́ imú. "Epo ni, Ìyá Símbíà. Ẹ̀fọ́ alẹ́ àná ni."

Ìyá mi rọra ká ìbòrí rẹ̀. "Kò burú. N kì í kó ọ̀rọ̀ mi jẹ."

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, mo gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé-kéú. Nígbà tí mo dé títì tí àwọn tírélà ilé-iṣẹ́ ń gbà, mo bojú wẹ̀yìn, mo rí ìyá mi tó ń yára bọ̀, ó fi ọwọ́ kan di ìró mú. Ó ní àlùbọ́sà tán nílé, òun ń lọ sí ọjà Ìsọlọ̀. Ní Sátidé tó tún tẹ̀lé e, àlùbọ́sà tún tán. Títí mo fi ṣe wòlímọ̀ ìparí kéú, àlùbọ́sà kò yéé tán nílé wa, bẹ́ẹ̀ ni a kò rí ibi kó o sí mọ́. Ìyá mi kò sì wo ẹ̀yìn híjáàbù mi rí lójú ọ̀nà. Tírélà ló ń wò. "Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí," ni yóò máa wí lẹ́yìn mi. Nígbà náà, èmi rò pé ẹrẹ̀ ló ń bà á lẹ́rù.

Ìyá mi ti lọ, kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ. Àgọ́ Palace ni èmi ń gbé báyìí, bàbá mi sì wà lọ́dọ̀ mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò ọkọ mi fún ọmọ mi, Àíṣà, ní résà kan. Àíṣà ní òun fẹ́ máa gùn ún lọ sí lẹ́sìn, ẹ̀kọ́ àṣekún lẹ́yìn ilé-ìwé. N kò sọ pé rárá. Mo kọ́kọ́ dúró kí Àíṣà àti bàbá mi wọlé, mo fi rúlà wọn àyè tó wà lábẹ́ búrékì, mo rí i pé ó há ju ti tèmi lọ. Ìgbà náà ni mo tó pè é, mo ní, "Ó dára gan-an. Àmọ́ kò ní mọ́gáàdì."

Bàbá mi gbọ́ láti yàrá. Ó jáde, ó béèrè ìṣáná. Mo ní kò sí ìṣáná nílé, gáàsì wa ń tan ara rẹ̀ ni. Ó mi orí, ó ki ọwọ́ bọ àpò bùbá, ó fa igi ìṣáná tó fi ń nu etí yọ, ó sì lóṣòó ti kẹ̀kẹ́ náà pẹ̀lú ìrora eékún. Ọmọ tó ń ka súrà nígbà kan kí igi ìṣáná lè kọjá ló dúró sẹ́nu ọ̀nà yẹn, tó ń ka súrà kan náà kí ó lè há.

"Ṣé ó há ni, Bàbá?" ni Àíṣà bi í.

"Ó há," ni bàbá mi wí. "Lọ bá mi mú ayùn irin wá."

Mo wọ ilé ìdáná lọ, mo ṣí agbọ̀n àlùbọ́sà wò. Ó kún dé ẹnu. Mo pariwo sí wọn láti ibẹ̀ pé àlùbọ́sà ti tán.