Síkiọ́rítì tó tú apẹ̀rẹ̀ obì Màmá mi

Inú ń bí mi gan-an bí mo ṣe ń tẹ èyí.

Èmi àti Màmá mi gbé apẹ̀rẹ̀ obì gbàǹja méjì kúrò ní Sábó, Ṣàgámù, láàárọ̀ yìí. A fẹ́ fi rélùwéè kó o lọ sókè Ọya. Níbi tí a ti wọ ọkọ̀ ojú irin àkọ́kọ́, wọ́n tú u wò. A tún un dì, a ò bínú.

Nígbà tí a dé ibùdó tí a ti máa bọ́ sínú ọkọ̀ kejì, síkiọ́rítì kan tún ní ká tú u.

"Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò níbi tí a ti ń bọ̀," ni Màmá wí.

"Tiwọn nìyẹn, mà. Tiwa nìyí."

Ló bá ń ṣí ewé tó ń mú obì tutù kúrò, nínú oòrùn! Màmá ní láyé bàbá àwọn, àmì ọ̀dà tí olóbì fi sára apẹ̀rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń wò níbẹ̀, alágbàrù á sì gbé e sínú ọkọ̀ tó kàn.

A ṣì ń dì í lọ́wọ́ nígbà tí ọkọ̀ wa fọn fèrè, ó sì lọ. Òmíràn di ọ̀la.

Ọkùnrin yìí wá rẹ́rìn-ín: "Mama, ẹ ta mí lọ́rẹ obì kan."

Àwọn oníṣòwò obì kì í fi obì du ẹni tó bá tọrọ. Màmá mú ẹyọ kan fún un. Ó fọwọ́ méjèèjì gbà á, ó ní: "Ọ̀nà á là o, Mama. Ẹ ó gúnlẹ̀ láyọ̀ lónìí."

Lónìí wo, nígbà tí ọkọ̀ ti lọ?

Màmá mi ṣe àmín. Èmi ò ṣe o. Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ máa ṣe é?