Etí Òkun Tí Kò Ní Pátákó Orúkọ

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yin fóònù tí à ń nà sókè létí òkun. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀, báwo ni ayé ìbá ṣe mọ̀ pé omi wà? Òkun ti ń ru láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì di òkun gidi àfi ìgbà tí ọmọ Alimosho kan bá wọ awò dúdú, tó kọ ẹ̀yìn sí i, tó ya fọ́tò ara rẹ̀, tó sì fi í ránṣẹ́ kí àwọn ará Ìdímù tó jí. Iṣẹ́ ńlá ni. Ó yẹ kí ìjọba máa fi oyè dá wọn lọ́lá.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ìyá Dúpẹ́, kò sí nínú ẹgbẹ́ yẹn. Aládùúrà ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ sí ojú rẹ̀ tó ti ṣú, ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé bí òun bá tún ríran, òun yóò wọ sùtánà funfun òun, òun yóò sì kúnlẹ̀ dúpẹ́ létí òkun tí ojú òun kò rí rí. Ojú là. Dúpẹ́ ọmọ rẹ̀, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì lókè òkun, ra tíkẹ́ẹ̀tì fún wa lọ sí Mauritius, erékùṣù kan tó wà lójú òkun, ní ìlà-oòrùn Áfíríkà. Wọ́n ní kí èmi tí mo kàwé sìn ín lọ.

Aago mẹ́rin ìdájí la kúrò ní Ìgándò. Nígbà tí a dé Dopemu, ó ti gbàdúrà fún dẹ́rẹ́bà lẹ́ẹ̀mẹta. A pààrọ̀ ọkọ̀ òfurufú ní Addis Ababa, a sì balẹ̀ lọ́jọ́ kejì sínú atẹ́gùn tútù àti ìrèké tó lọ salalu lọ́tùn-ún lósì. Títí a fi dé hòtẹ́ẹ̀lì, dẹ́rẹ́bà wa níbẹ̀ kò fun fèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo rò pé fèrè rẹ̀ ti bàjẹ́.

“Ki manyer?” ni wọ́n fi ń kí èèyàn níbẹ̀, ìyẹn “báwo ni?” Ọmọdé ń kí àgbà lóòró, ẹ̀gbọ́n mi dárí jì wọ́n. Oúnjẹ wọn ló gba ọkàn rẹ̀. “Gato pima” ni wọ́n ń pè é, rúpì márùn-ún ẹyọ kan, nǹkan bí àádọ́jọ náírà. Àkàrà ni, jàre. Wọ́n kàn dín in kéékèèké ni, wọ́n sì ń fi í sínú búrẹ́dì bí a ti ń ṣe ní Ẹ̀gbẹ́dá.

Òwúrọ̀ àkọ́kọ́, ó wọ sùtánà, ó bọ́ sí etí òkun hòtẹ́ẹ̀lì láìwọ bàtà. Òyìnbó obìnrin kan tó ń yá oòrùn rò pé òṣìṣẹ́ ni, ó ní kó bá òun mú tówẹ́ẹ̀lì wá. Ẹ̀gbọ́n mi mú un wá, ó sì súre fún un. Lọ́jọ́ kejì, bó ṣe fẹ́ kúnlẹ̀, fóònù mẹ́rin ti dìde. Ó yí padà.

“Wọ́n ń wò mí bí ìyàwó tuntun,” ó ní. “N ò lè fi ẹ̀jẹ́ ṣe ìran wò, àbúrò mi. Ọ̀la la sì ń lọ. Tí n kò bá san án níbí, mo ti rù ú padà sí Ìgándò nìyẹn.”

Mo pe dẹ́rẹ́bà wa, Rajesh, bàbá kan tó ti hu ewú. Mo ní ibi tí ẹnikẹ́ni kì í dé la fẹ́.

“Gbogbo àlejò ló ń sọ bẹ́ẹ̀,” ó fèsì. “Ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń pàdé.”

Ó wẹ̀yìn, ó rí sùtánà, ó rí ẹsẹ̀ lásán. Kò ṣàwàdà mọ́. Ó gbé wa lọ sí gúúsù, ó gba ibi tí omi ti ń já bọ́ lórí òkúta tó dà bí igi tí káfíńtà rẹ́ lọ́gbọọgba. Ó rẹwà débi pé mo gbàgbé láti fi ṣẹ̀fẹ̀. Lẹ́yìn náà a yà sí ọ̀nà pọ́tọ́pọ́tọ́ láàárín ìrèké, a sì jáde sí etí omi kékeré kan: ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta, ojúbọ àwọn Híńdù tó ní àsíá pupa, omi tó mọ́ débi pé mo ń ka òkúta ìsàlẹ̀. Kò sí pátákó.

“Kí ni orúkọ ibí?” mo bi Rajesh.

“Bí mo bá sọ ọ́, ẹ máa kọ ọ́ sórí fóònù yín.”

Òkúta ibẹ̀ mú. Rajesh yọ sálúbàtà rọ́bà nínú búùtù ọkọ̀. “Màmá, ẹ wọ èyí.”

“O ṣeun, ọmọ mi. A kì í wọ bàtà sí aṣọ yìí.”

Rajesh wò ó, ó bọ́ bàtà tirẹ̀, ó sì dì í lọ́wọ́ mú títí dé etí omi. “Àwa náà ń bọ́ bàtà fún Ọlọ́run,” ó ní. Ó padà wá, ó kọjú sí ìrèké. “Ọ̀gá, ẹ kọ ẹ̀yìn sí wọn. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kàn wá.”

Mo kọ ẹ̀yìn sí i.

Nígbà tó dé, orúnkún sùtánà ti tutù, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. “Ó parí,” ó ní. Ó sùn nínú ọkọ̀ òfurufú bí ọmọ ọwọ́ títí a fi dé Èkó. Ibi tó dára jù lọ ní erékùṣù yẹn, ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n rí òun ló mú mi débẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí mo mú bọ̀ nìyẹn.

Ọjọ́ kejì tí a dé, aládùúgbò mi bi mí pé, “Bọ̀dá, lékeléke wo ló bà lé yín léjìká nínú fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́ yìí?”

Mo ní ẹyẹ pọ̀ níbẹ̀. Irọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n mi ni, tó kúnlẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán nínú sùtánà funfun rẹ̀. Nígbà tí Rajesh ní kí n kọ ẹ̀yìn sí i, awò dúdú ti wà lójú mi, fóònù sì wà lọ́wọ́. Mo ya ara mi.