Awò Ojú Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ fa àga mọ́ra, ẹ̀yin tí orí ń fọ́ àti ẹ̀yin tí orí yín kò tíì fọ́ rí. Ọ̀rọ̀ mi kò gùn, ṣùgbọ́n orí ló kàn, orí kì í sì í ṣe ohun eré.

Ọ̀sán kan, mo ń fọwọ́ ṣe ọnà sí ọrùn agbádá ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ẹ̀gbẹ́dá. Bí mo ṣe fẹ́ ti òwú bọ abẹ́rẹ́, ihò abẹ́rẹ́ di méjì. Lẹ́yìn náà ni iwájú orí mi fún, bí ìgbà tí wọ́n fi okùn di ẹrù igi. Mo ṣí fìlà, kò tú.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti jókòó ti iṣẹ́, orí á bẹ̀rẹ̀. Ìrora kọ́ ló bà mí lẹ́rù jù. Ẹ̀fọ́rí ni ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ ń sọ kí ẹ̀jẹ̀ ríru tó mú wọn lọ. Kò tíì pẹ́ tí a ṣàdúrà ogójì ọjọ́ wọn, tí ẹbí pín ẹrù: àkọ́bí wọn gba agbádá, èkejì gba aago ọwọ́, èmi àbúrò gba awò ojú tí wọ́n fi ń ka Kùránì. Bí mo bá fi í sójú ṣiṣẹ́, ó máa ń dà bíi pé wọ́n wà nítòsí. Mo wá ní ọ̀nà tí wọ́n gbà lọ lèmi náà ti mú yìí.

Ìyàwó mi ní ibà ni. Mo lo oògùn ibà. Oníkẹ́mísì ní àárẹ̀ ni. Mo ń gbé oògùn ìrora mì lójoojúmọ́ títí inú fi ń ta mí. Ìgbà tí mo ṣì ń fònídónìí fọ̀ladọ́la, ìyàwó mi dúró lé mi lórí.

“Bàbá Síkírá, ṣé kí n pe ẹbí wá pín ẹrù tiyín náà ni?”

A lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìgàndó. A jókòó lórí bẹ́ǹṣì títí oòrùn fi yí, atẹ́gùn ààtàn Solous ń bá wa wọlé. Mi ò fẹ́ kí wọ́n pe orúkọ mi, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n fò ó.

Dókítà obìnrin kan wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni kí ẹ̀jẹ̀ máa fi agbára tó pọ̀ jù taari ògiri iṣan rẹ̀. Tèmi kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní ọ̀nà ẹ̀fọ́rí pọ̀: ebi, àìmu omi tó, àìsùn, ibà, ọrùn tó tẹ̀ pẹ́ jù, ojú tó ń tiraka. Oògùn ìrora gan-an, bí a bá ń lò ó lójoojúmọ́, ó ń fa ẹ̀fọ́rí. Ṣùgbọ́n èyí tó bá dé lójijì pẹ̀lú agbára, tàbí tí ọrùn gan, tàbí tí ẹnu wọ́, kí a má dúró wò ó rárá.

Ó ní kí n ka ìwé kan. Mo yọ awò ẹ̀gbọ́n mi síta. Ó béèrè ẹni tó ni ín, mo sọ fún un, ó sì ní kí wọ́n yẹ ojú mi wò. Nígbà tí èsì dé, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Bàbá, ojú ẹ̀gbọ́n yín lẹ fi ń ríran.”

Ìyàwó mi kò jẹ́ ká délé kó tó fọ̀rọ̀ náà bọnu. “Bàtà wọn ò bá ẹsẹ̀ yín mu, ẹ ò wọ̀ ọ́. Ta ló wá sọ fún yín pé ojú wọn á bá yín mu?”

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ pààrọ̀ dígí, tí mo sì jáwọ́ nínú oògùn ìrora, kò rọrùn, orí ṣì ń fọ́ mi díẹ̀díẹ̀. Ó wá fúyẹ́. Orí tí mo rò pé ó ń pa mí lọ, ìkìlọ̀ ló ń ṣe fún mi, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ogún ṣe dúró nìyí: agbádá wà lọ́wọ́ àkọ́bí, aago wà lọ́wọ́ èkejì. Férémù ẹ̀gbọ́n mi wà lójú mi, dígí inú rẹ̀ jẹ́ tèmi. Ẹ̀fọ́rí yẹn, Àlùhámúdùlílàhì, kò sẹ́ni tó jogún rẹ̀.