Ọ̀nà Ẹ̀yìnkùlé Tí Bàbá Ọlọ́dà Wá Rí

Bàbá Ọlọ́dà kò ní orúkọ mìíràn ládùúgbò. Ó ti ń kun ilé pẹ́ débi pé sòkòtò iṣẹ́ rẹ̀ lè dá dúró láìsí ènìyàn nínú rẹ̀, nítorí ọ̀dà tó ti gbẹ sí i lára, ìpele lórí ìpele. Ẹni tó bá fẹ́ mọ àwọ̀ tí ilé òun ní lọ́dún tó gbéyàwó, kó lọ wo orúnkún sòkòtò náà. Wọ́n ní eṣinṣin funfun kan wà ládùúgbò náà rí. Ara Bàbá Ọlọ́dà ló bà lé lọ́jọ́ tó ń kun ilé ìwòsàn. Ilé tirẹ̀ nìkan ni kò kùn, ìyẹn kò sì ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ta ló ti rí onígbàjámọ̀ tó ń gé irun ara rẹ̀?

Ìyàwó rẹ̀ ni Ìyá Aránṣọ. Ojú fèrèsé iwájú ilé ni ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà, òun ló sì ń ránṣọ fún gbogbo ojúlé òpópónà náà. Ó mọ ìbàdí gbogbo wọn lórí, ó mọ ẹni tó ń sanra tó ń sọ pé aṣọ ló súnkì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó fẹ́ fi ẹsẹ̀ òsì tẹ ẹ̀rọ, ẹsẹ̀ kò dáhùn. Ó tún un tẹ̀, ẹsẹ̀ ṣe bí ẹni pé òun kọ́ ni wọ́n ń bá wí. Kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn, ọwọ́ òsì náà ti rọ.

Ó padà wálé, a dúpẹ́. Ọwọ́ ń bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀. Ẹsẹ̀ ló kù. Nọ́ọ̀sì tó ń kọ́ àwọn aláìsàn ní ìrìn pe Bàbá Ọlọ́dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní ẹsẹ̀ náà kò kú, ó ń sùn ni, àmọ́ ìrìn àárín bẹ́ẹ̀dì sí àga kọ́ ni yóò jí i. Ìrìn gidi ló fẹ́, níta, lórí ilẹ̀, lójoojúmọ́, kí ilẹ̀ máa ga díẹ̀, kó sì máa rẹlẹ̀ díẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ kí òjò ọdún yẹn bá a lórí àga, orúnkún yóò gan, bó bá sì gan tán, ó di ti ọ̀pá títí ayé.

Bàbá Ọlọ́dà gbé ọ̀rọ̀ náà délé. Ìyá Aránṣọ kọ̀ jálẹ̀. Òpópónà wọn, ilẹ̀kùn kọjú sí ilẹ̀kùn ni, bẹ́ǹṣì wà níwájú ilé kọ̀ọ̀kan, ènìyàn sì máa ń wà lórí bẹ́ǹṣì kọ̀ọ̀kan tí oòrùn bá ti rọ̀. Bí ènìyàn bá wọ́ ẹsẹ̀ kọjá níbẹ̀, ojúlé kìn-ín-ní yóò kí i ní pẹ̀lẹ́, yóò fà á lé ojúlé kejì lọ́wọ́, títí dé ibi tí òpópónà parí sí, wọn yóò sì máa mi orí tẹ̀ lé e bí alángbá.

“Èmi ni mo máa ń fi téèpù wọn ìbàdí wọn,” Ìyá Aránṣọ wí. “Wọn ò ní fi ojú wọn ìgbésẹ̀ tèmi. Tí ẹ bá rí ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni ò ti ní kí mi kú ìnira, ẹ pè mí, màá rìn ín.”

Bóyá ó rò pé òun ti fi ìyẹn ti ilẹ̀kùn ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n akunlé ni ọkọ rẹ̀, ohun tí onílé bá ti lóun fẹ́, iṣẹ́ ló dà lójú rẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó ṣí géètì ẹ̀yìnkùlé tí wọn kì í ṣí, ó fo gọ́tà, ó bọ́ sínú pápá.

Ká sòótọ́, kò mọ ohun tó wà lẹ́yìn ilé ara rẹ̀. Ó ti ń gbé ibẹ̀ láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú, ṣùgbọ́n ògiri ni akunlé máa ń wò. Ọ̀nà tó kọ́kọ́ rí gun òkè tí táǹkì omi wà lórí rẹ̀. Atẹ́gùn ibẹ̀ dára, gbogbo òrùlé àdúgbò hàn kedere, àmọ́ ewúrẹ́ pàápàá máa ń dúró ronú kí ó tó gùn ún. Ìdí ni Bàbá Ọlọ́dà fi wọ́ ilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Òkúta kan tó fẹsẹ̀ tì ṣáájú rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, ó sì dúró dè é níbẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ bi í pé kí ló dá a dúró.

Ọ̀nà kejì tẹ̀ lé odò kékeré lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù. Ó tẹ́jú, ó ní ibòji, ó sì ní ajá. Bàbá Ọlọ́dà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń gbọ̀n lórí àkàbà gun igi lọ́jọ́ náà láìsí àkàbà, ó sì pẹ́ níbẹ̀ tó fi sọ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Ajá jókòó sísàlẹ̀, kò gbó, kò lọ. Irú sùúrù bẹ́ẹ̀, ká ní ènìyàn ló ni ín, ì bá ti di adájọ́. Àwọn oníbúlọ́ọ̀kù ló wá pè é kúrò.

Ọ̀nà kẹta ni ọ̀nà. Ojú irin àtijọ́ ni. Rélùwéè ti kọ ibẹ̀ sílẹ̀ tipẹ́, wọ́n ti hú irin lọ, ó ku ilẹ̀ gbọọrọ tó gba àárín igi kọjá. Rélùwéè kò fẹ́ràn òkè ju ẹsẹ̀ aláìsàn lọ. Níbi tí ilẹ̀ bá ti ga, díẹ̀díẹ̀ ló ń ga. Kò sí ojúlé kan tó kọjú síbẹ̀. Ibi tí ó lọ parí sí, ibùdókọ̀ ojú irin kékeré kan wà tí òrùlé ṣì wà lórí rẹ̀, bẹ́ǹṣì sìmẹ́ńtì kan sì wà lábẹ́ òrùlé.

Láàárín géètì rẹ̀ sí ojú irin náà, ọ̀nà ewúrẹ́ pọ̀ nínú pápá bí ìlà àtẹ́lẹwọ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó ń padà bọ̀, ó sọnù, ó já sí ẹ̀yìn ilé àwọn tí kò mọ̀ rí, ó sì ní láti díbọ́n pé ògiri wọn lòun wá wò. Nítorí náà, ó mú àṣẹ́kù ọ̀dà yẹ́lò dání lọ́jọ́ kejì. Gbogbo ibi tí ọ̀nà ti pín, ó fi búrọ́ọ̀ṣì tọ́ ọ sára igi tàbí òkúta, yẹ́lò tó lè jí afọ́jú lójú oorun.

Ibi tí ó ti ṣìṣe ni pé kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Akunlé gidi kì í jẹ́ kí onílé wọlé kí ìpele kejì tó gbẹ. Onílé á fọwọ́ kàn án, á ní àwọ̀ tí òun fẹ́ kọ́ nìyí, iṣẹ́ á bàjẹ́. Bàbá Ọlọ́dà pinnu pé ọ̀nà náà yóò pé pérépéré kí Ìyá Aránṣọ tó gbọ́ nípa rẹ̀. Ó gé ẹ̀gún. Ó kó yanrìn dí kòtò. Ó tọrọ àfọ́kù búlọ́ọ̀kù lọ́wọ́ àwọn oníbúlọ́ọ̀kù, ó fi to ìjókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Kí ó lè mọ ibi tó yẹ kí ìjókòó wà, òun fúnra rẹ̀ wọ́ ẹsẹ̀ òsì bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ń wọ́ ọ. Ibi tó bá ti rẹ̀ ẹ́, ó to búlọ́ọ̀kù síbẹ̀.

Nílé, ohun mìíràn ni wọ́n kà á sí. Ìyá Aránṣọ jókòó sójú fèrèsé, ó ń rí ọkọ tó ń gba ẹ̀yìnkùlé jáde nírọ̀lẹ́ gbogbo, tó ń padà wálé pẹ̀lú èèmọ́ lára sòkòtò, tó ń fi imú kọrin, tí kò sì rùn fún ọ̀dà. Bó bá bi í pé níbo ló lọ, yóò ní òun lọ wo iṣẹ́ kan. Bó bá ní iṣẹ́ wo, yóò ní kò tíì parí. Àbúrò rẹ̀ obìnrin tó wá ń ràn án lọ́wọ́ nínú ilé, ẹni tó máa ń rí èéfín níbi tí wọn ò tíì ra ìṣáná, ní ọkùnrin kì í dá nìkan lọ gbé èèmọ́.

Wọ́n ṣì ń gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò nígbà tí tìmùtìmù pupa kúrò lórí àga pálọ̀. Ọwọ́ Ìyá Aránṣọ ló rán an. Àbúrò bi í pé iṣẹ́ ọ̀dà wo ni wọ́n ń gbé tìmùtìmù lọ ṣe. Ẹ̀gbọ́n yọ owó jáde. Ó ní kó lọ bá òun ra òwú dúdú nísàlẹ̀ òpópónà.

Bàbá Ọlọ́dà wà ní ibùdókọ̀ náà nírọ̀lẹ́ yẹn, ó ń kun bẹ́ǹṣì. Ó gbọ́ “kò!” lójú irin. Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì sókè. Ó tún gbọ́ “kò!” Ó rò pé ẹyẹ àkókó ni. Ìgbà tó yíjú, ìyàwó rẹ̀ ló rí lójú irin, òun nìkan, gèlè ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, òógùn bò ó, ó fi ọwọ́ ọ̀tún ti ọ̀pá. Àwọn kan ní àlùmọ́gàjí ló mú dání. Kí Ọlọ́run má fi irọ́ pa wá: rúlà onígi tó fi ń wọn aṣọ ni, abíyá ló fi há a mọ́.

“Níbo lo gbé e sí?”

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, “ẹ̀yin” ló ń pe ọkọ rẹ̀. Ẹ̀rù ba bàbá.

“Kí ni?”

“Ẹni tí o gbé tìmùtìmù mi wá fún.”

“Ìwọ ni,” Bàbá Ọlọ́dà dáhùn. “Sìmẹ́ńtì yẹn le, ìdí rẹ ni mo gbé e wá fún. Má jókòó sápá ibí o, kò tíì gbẹ.”

Ìyá Aránṣọ yẹjú wo ẹ̀yìn ògiri. Ó fi ọ̀pá tọ abẹ́ bẹ́ǹṣì. Ó wo ojú irin lọ títí. Garawa ọ̀dà nìkan ló wà níbẹ̀.

“Báwo lo ṣe débí?” ọkọ rẹ̀ bi í.

“Mo tẹ̀ lé ọ̀dà.”

Ìgbà tó sọ ọ́ tán ló tó bojú wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó jókòó sórí tìmùtìmù. Ẹsẹ̀ òsì ń gbọ̀n bí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ tí ó ń sáré, ó sì gbé ọwọ́ lé e títí ó fi rọlẹ̀. Bàbá Ọlọ́dà ń bẹ̀rù pé ẹkún ló máa kàn. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ti ẹkún.

“Ìjókòó kejì yẹn kúrú jù,” ìyàwó rẹ̀ wí nígbẹ̀yìn. “Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ dìde níbẹ̀? Ẹ gbé búlọ́ọ̀kù kan sí i lórí.”

Bàbá gbọ́ “ẹ” náà, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

Wọ́n ń padà bọ̀ láti ìjókòó dé ìjókòó. Ṣùgbọ́n Àbúrò ti ra òwú dé, ó ti bá àga lófìfo, ó sì ti ké gbàjarè. Nígbà tí tọkọtaya náà yọ ní kọ́nà tó kẹ́yìn, gbogbo òpópónà ló ti kún ẹ̀yìnkùlé wọn, ó kù díẹ̀ kí wọ́n gbé bẹ́ǹṣì wọn dání. Ìyá Aránṣọ dúró. Ó di ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ìka rẹ̀ le koko.

Bàbá Ọlọ́dà sọ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé igbó wà níbi, wọ́n lè jókòó síbẹ̀ títí yóò fi sú àwọn ènìyàn náà. Bó ti sọ ọ́ tán ló kábàámọ̀. Bí ìyàwó rẹ̀ bá sá wọgbó lónìí, bí òun tilẹ̀ rí ọ̀nà tó dé òpin ayé, kò ní tẹ̀ ẹ́ mọ́, òjò á sì bá ẹsẹ̀ náà lórí àga. Ó fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. Ó pa ẹnu mọ́. A kì í bá ẹni tó wà lórí àkàbà sọ̀rọ̀.

Ìyá Aránṣọ tún gèlè dè.

“Ẹ fi ọwọ́ mi sílẹ̀.”

Ó ṣíwájú. Ẹsẹ̀ òsì ń fa ìlà sórí yẹ̀pẹ̀, gbogbo wọn sì ń wò ó. Ẹ pẹ̀lẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ kú ìnira tẹ̀ lé e. Ó ń dáhùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sáré, kò sì dúró. Onídìrí tó ń gbé ní òdìkejì wọn, tí ẹnu rẹ̀ kì í gbófo, bi í pé, “Ìyá Aránṣọ, ibo lẹ ti ń bọ̀?”

“Mo lọ mú ọkọ mi.”

“Ṣé ọwọ́ tẹ̀ ẹ́?”

“Òun ló ń bọ̀ lẹ́yìn mi yìí.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí ẹnì kan fi fẹ́ ṣubú sí gọ́tà. Ìyá Aránṣọ kò bá wọn rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ wà níwájú rẹ̀. Ó fi ọ̀pá ti òdìkejì gọ́tà náà, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kọjá, ó sinmi, ó wá fi ìbàdí ju òsì tẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tó kí i lákòókò yẹn. Wọ́n ń wò ó ni.

Nínú ilé, ó ní kí Àbúrò gbé omi gbígbóná wá fún ẹsẹ̀ náà. Bàbá Ọlọ́dà ń fọ búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu ọ̀nà, ó ń dúró de ohun tí ìyàwó rẹ̀ máa sọ.

“Lọ́la, ẹ jẹ́ ká tètè jáde,” ni ohun tó sọ. “Oòrùn ìrọ̀lẹ́ yẹn ń ràn sí mi lójú.”