Oògùn Tí Èmi àti Ìyá Onírẹsì Jọ Gé

Òórùn ata tí wọ́n ń dín nínú òróró ló kọ́kọ́ máa ń wọ̀ mí nímú bí mo bá ti rántí Sábọ̀n Gàrí ní Kánò. Òórùn sípíríìtì ọsibítù ló máa ń tẹ̀lé e, nítorí ti àkọ́kọ́ ló lé mi débi ti èkejì. Ṣé ẹ rántí ìsọ̀ mi ní Enúgù Róòdù, níbi tí mo ti ń ta abọ́ tánganran? Ìyá onírẹsì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bó bá ti da ata sínú agbada báyìí, àyà mi á sé. Ikọ́ fée ló ń bá mi jà, èyí tó máa ń súfèé láyà èèyàn. Tèmi kì í ṣe súfèé kékeré o! Mẹkáníìkì kan ní Fagge, àdúgbò kejì, gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan, ó ní kí wọ́n lọ wo ọkọ̀ tí bẹ́líìtì rẹ̀ fẹ́ já. Àgbò ilé kejì a máa dá mi lóhùn. Ẹni tí kò bá gbà, kó lọ bi àgbò náà.

Ọyẹ́ Kánò ló wá burú jù. Lọ́dún kan, eruku bo ojú oòrùn, mo sì dákú sáàárín abọ́ ara mi. Ìyàwó mi ní, "Bí ọyẹ́ tó ń bọ̀ bá tún gbé ẹ ṣubú, Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú wa, la ó gbà lọ." Ọmọ wa obìnrin, tí wọ́n bí sí Kánò, fi Haúsá dá a lóhùn: "Mu je ina?" Ibo là ń lọ? Ọ̀rọ̀ ọmọ náà dùn mí ju àyà lọ. Kánò ni mo mọ̀, ibẹ̀ ni gbogbo oníbàárà mi wà.

Nígbà náà ni mo gbọ́ pé dókítà kan ní ọsibítù ńlá ń wá àwọn tí ikọ́ fée ń dá lágara, tí wọ́n á yọ̀ǹda ara wọn kó fi wọ́n dán oògùn tuntun wò. Mo sáré lọ. Ta ni mo bá lórí bẹ́ǹṣì? Ìyá onírẹsì! Èéfín ata rẹ̀ ló ti ń pa òun náà, kò sì sọ fẹ́nì kan.

Dókítà náà kéré sí wa lọ́jọ́ orí, ọmọ Yorùbá ni. Ó fún wa ní ọ̀pá ike kan fẹ́, abẹ́rẹ́ pupa ara rẹ̀ á sì sún síwájú bí èémí ẹni bá ti lágbára tó. Tèmi kò kúrò lójú kan. Ó wá ní a ó máa lo oògùn wa àtijọ́ lọ, òun á sì fi ìgò kan kún un fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Oògùn gidi wà nínú ìgò àwọn kan, hóró tí kò ní nǹkan kan nínú ló wà nínú tàwọn yòókù.

Mo ní, "Èwo wá ni tèmi?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èmi gan-an kò mọ̀. A kò sì gbọdọ̀ mọ̀ ọ́n títí a ó fi parí."

Haba! Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí n jẹun. Èmi tí mo tú rédíò bàbá mi láti wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀! Mo tọ́ hóró náà lá, mo gbóòórùn rẹ̀, mo gbé e síwájú àgbò ilé kejì. Àgbò kò dáhùn.

Ìyá onírẹsì ló fòpin sí i. Ó mú ọ̀bẹ ẹran rẹ̀. "Alátánganran, gbé tìẹ wá. Ààbọ̀ tìrẹ, ààbọ̀ tèmi. Èyí tó bá jẹ́ oògùn, yóò kàn wá méjèèjì."

Bí a ti ń pín ẹran ọdún gan-an là ń ṣe é: òun á gé, èmi á kọ́kọ́ mú, kí ẹni tó gé má baà rẹ́ ẹnì kejì jẹ.

Ọyẹ́ dé, ó lé ewé kúrò lórí igi, n kò ṣubú. Abẹ́rẹ́ pupa sún fún èmi, ó sún fún ìyá. Inú dókítà ń dùn, àfi ọjọ́ tó da ìgò mi sórí tábìlì tó rí ààbọ̀ hóró.

"Kí ló gé e?"

Mo ní, "Ọ̀bẹ ẹran ni."

Ó gbá orí mú. "Ẹ ti ba iṣẹ́ mi jẹ́! Ta ló ní kí ẹ pín in?"

Ìyá wò ó bí ẹni tó gbọ́ èèmọ̀. "Dókítà, ṣé kí n máa mí, kí aládùúgbò mi máa súfèé ni?"

Ó yọ wá kúrò nínú ìdánwò náà, ṣùgbọ́n kò ṣíwọ́ ìtọ́jú wa. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, ó wá jẹ ìrẹsì ní ìsọ̀ ìyá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mo ti mọ ẹni tí oògùn wà lọ́wọ́ rẹ̀ o."

Ìyá gbé ṣíbí tó fi ń bu ìrẹsì sókè. "Bí ẹ bá sọ ọ́, ẹ ò ní jẹ ẹran. Bí a bá mọ̀ ọ́n, ẹnì kan á di olóore, ẹnì kejì á di ẹrú ọpẹ́."

Dókítà kọjú sí mi. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ mí! Ahọ́n ń yún mi, etí ń yún mi. Mo wo ìyá, mo fi ìka di etí mi méjèèjì.

Láti ọjọ́ náà, ẹran tèmi ló máa ń tóbi jù nínú àwo, bóyá èmi ni mo ni oògùn gidi. Èmi náà kì í jẹ́ kí Kérésì kọjá kí n má gbé abọ́ tuntun fún un, bóyá òun ni. Ìyá ti lọ sinmi lọ́run báyìí, n kò sì tíì mọ̀ títí di òní. Bí èémí bá wọlé sí mi dáadáa láàárọ̀, mo ṣì máa ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́ kí n tó dìde: "Ìyá, ẹ ṣé o, bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni."