Bíréèkì Ọkọ̀ Bàbá Mi Lórí Òkè Mpape

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọkọ̀ àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní kílásíìkì àti èyí tí wọ́n ń pè ní jálòpì kò ju àdúgbò tí wọ́n gbé e sí lọ. Ní Maitama tí àwọn olówó ń gbé, bí ọkọ̀ bá ti pé ogójì ọdún, wọ́n á fi aṣọ bò ó, wọ́n á gba ẹni tí yóò máa nù ún, ẹni tó ni ín á sì wọ ìbọ̀wọ́ kó tó fọwọ́ kan sítíárìn. Ní Mpape tí èmi ń gbé, lórí òkè tó wo Maitama láti ẹ̀yìn, ọkọ̀ kan náà, ọjọ́ orí kan náà, ohun tí àwọn aládùúgbò máa ń béèrè ni ìgbà tí ẹ máa gbé e fún àwọn tó ń ra irin àlòkù.

Ọkọ̀ bàbá mi ni. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni bàbá mi, ó sì rà á nígbà tí owó epo rọ̀bì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé, tí òṣìṣẹ́ ìjọba lè ra ọkọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó gùn bíi yàrá méjì láìsí ẹni tó máa béèrè ibi tó ti rówó. Nígbà tó kú, àwọn ẹ̀gbọ́n mi pín ilé àti ilẹ̀. Wọ́n ní kí èmi tí mo lọ sí yunifásítì mú ọkọ̀, torí pé èmi ni mo mọyì ìtàn. Mo gbà á tayọ̀tayọ̀. Yunifásítì ti kọ́ mi bí a ṣe ń fi ìjọba ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ìwé ìròyìn. Kò kọ́ mi bí èèyàn ṣe ń mọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń fi òun náà ṣe é.

Àbùkù kan ṣoṣo tí ọkọ̀ náà ní ni pé kì í fẹ́ dúró. Ọkọ̀ ńlá máa ń ní ohun kan tó ń bá ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì. Ti ọkọ̀ bàbá mi ń lo atẹ́gùn tí ẹ́ńjìnnì ń fà, ẹ́ńjìnnì sì ti darúgbó, kò lè fa atẹ́gùn tó mọ́. Bí mo bá fẹ́ dúró, àfi kí n fi ẹsẹ̀ méjèèjì dìde lórí bíréèkì bí ẹni tó ń gun àkàbà. Ní Garki tí ọ́fíìsì mi wà, ilẹ̀ tẹ́jú, mo lè fara dà á. Ṣùgbọ́n kí n tó dé Garki, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè Mpape.

Ọ̀nà náà dà bí èyí tí wọ́n fi ti ògiri. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó òkúta ń sọ̀ bọ̀ lẹ́yìn ẹni, ọ̀kadà ń gba ọ̀tún gba òsì, àwọn tó ń ta omi, tí gbogbo wa ń pè ní mẹ́rúwà, ń ti kẹ̀kẹ́ wọn gòkè bọ̀ níwájú. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni ọ̀nà márosẹ̀ wà, níbi tí ọkọ̀ kì í ti í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ní ọdún tó ṣáájú ìbò 2015, ìyàwó mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọmọbìnrin wa ọmọ ọdún méje wà lẹ́yìn. A ti sọ̀ dé ìdajì òkè nígbà tí kẹ̀kẹ́ mẹ́rúwà kan yí dànù níwájú wa, tí kẹ́ẹ̀gì omi sì fọ́n sójú ọ̀nà. Mo tẹ bíréèkì. Mo dìde lórí rẹ̀ títí orí mi fi kan òrùlé ọkọ̀. Ọkọ̀ bàbá mi ń lọ jẹ́jẹ́, bí ọ̀gá ńlá tó ń wọ ìpàdé tó ti pẹ́ sí, ó sì dúró nígbà tí imú rẹ̀ kan kẹ́ẹ̀gì tó wà lẹ́sẹ̀ mẹ́rúwà náà. Ọkùnrin náà wo kẹ́ẹ̀gì, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó wá wò mí.

“Kai,” ó ní. 

Ìyàwó mi kò pariwo. Ó sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka àkọsílẹ̀ ìpàdé.

“Dádì, èmi àti ọmọ yìí ò ní wọ ọkọ̀ yìí sọ òkè yìí mọ́, àfi tí ẹ bá tún un ṣe.”

Láti ọjọ́ kejì, ọ̀kadà ni wọ́n ń wọ̀ dé ìsàlẹ̀. Èmi á wà nínú ọkọ̀ lẹ́yìn wọn, màá máa wo ọmọ mi tí wọ́n há sáàárín ọlọ́kadà àti ìyá rẹ̀, tí báàgì iléèwé rẹ̀ ń fò sókè sódò, tí èmi náà sì ń bẹ Ọlọ́run kí n má lọ gbá wọn. N kò rí ẹ̀rù tó tó ìyẹn rí. Mo fẹ́ kí wọ́n padà sínú ọkọ̀, mo sì fẹ́ kí ọkọ̀ náà lè dúró. N kò béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mẹkáníìkì mi ní Apo jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò.

“Ọ̀gá, ẹ tà á.”

“N kò lè tà á. Ọkọ̀ bàbá mi ni.”

“Ṣé wọ́n ń bọ̀ wá gbà á ni?”

Nígbà tó rí i pé n kò rẹ́rìn-ín, ó ṣí iwájú ọkọ̀. Ó fi pọ́ọ̀ǹpù kan hàn mí. Ó ní pọ́ọ̀ǹpù yẹn ló ń ti ọ́ìlì tí sítíárìn fi ń fúyẹ́ lọ́wọ́ mi. “A máa gba díẹ̀ nínú agbára ọ́ìlì yẹn fún bíréèkì. Ọwọ́ yín àti ẹsẹ̀ yín á jọ máa jẹun nínú abọ́ kan. Ẹ ò ní nílò atẹ́gùn ẹ́ńjìnnì mọ́.” Ó wá lọ gbé irin dúdú kan jáde, ó wúwo, ó rí wúruwùru, lára ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ti òkè òkun wá ni wọ́n ti tú u.

Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi so ó mọ́ ọkọ̀. Ní ọjọ́ tó parí, ó pè mí wá síwájú ọkọ̀, ó nawọ́ sí agolo kékeré méjì.

“Ọ́ìlì sítíárìn nìyí, òun náà ló ń lọ sínú irin tuntun yìí. Ọ́ìlì bíréèkì nìyí. Wọn ò gbọdọ̀ pàdé. Róbà tó wà ní ọ̀nà bíréèkì ò gba ọ́ìlì mìíràn. Tó bá kàn án, á wú. Tó bá wú, bíréèkì ò ní ṣiṣẹ́ mọ́.”

“Mo gbọ́.”

“Ẹ tún un sọ, ọ̀gá.”

Mo tún un sọ bí ọmọ iléèwé. Nígbà tí mo wà á jáde, ọmọ ìka ẹsẹ̀ lásán ni mo fi kan bíréèkì tí ọkọ̀ fi dúró gbọn-in. Orí mi wú ju bó ṣe yẹ lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, mo ti ṣàlàyé agbára ọ́ìlì fún gbogbo èèyàn ọ́fíìsì wa, títí kan ọ̀gá kan tó jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló wá béèrè.

Ìyàwó mi gbọ́ àlàyé náà lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta, ó ní, “Ó dáa. Ẹ gbé e wá sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sọ́ńdè, kí wọ́n gbàdúrà sí i. Tí wọ́n bá ti yà á sí mímọ́, a máa wọ̀ ọ́.”

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Jabi, ọkọ̀ tuntun kì í rìn jìnnà kí wọ́n tó fi òróró yà á sí mímọ́. Mo ti kọ àpilẹ̀kọ kan lórí rẹ̀ rí, mo ní bí òróró bá ń dá ọkọ̀ dúró, kí ìjọba dá àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú ọ̀nà padà sílé. Ìyàwó mi ka àpilẹ̀kọ náà nígbà náà. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò bá a jiyàn. Mo fọ ọkọ̀ mi.

Lẹ́yìn ìsìn, nǹkan bí ogún èèyàn yí ọkọ̀ náà ká. Alàgbà kan ló di ìgò òróró ólífì mú, dárẹ́kítọ̀ tó ti fẹ̀yìntì, ẹni tí wọ́n ní kò fọwọ́ sí fáìlì rí láìka gbogbo ojú ìwé rẹ̀. Wọ́n fi òróró kan táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n fi kan sítíárìn, wọ́n fi kan ẹ̀yìn ọkọ̀ níbi tí kò sí nǹkan kan. Wọ́n wá ní kí n ṣí iwájú.

“Níbo gan-an ni bíréèkì tuntun tí gbogbo ìjọ ti gbọ́ ìròyìn rẹ̀ yìí wà?” Alàgbà béèrè.

Ká ní mo gbọ́n, ǹ bá nawọ́ sí irin dúdú yẹn kí n sì padà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n wọ́n ti bi mí ní ìbéèrè níwájú èèyàn, mo sì mọ ìdáhùn rẹ̀. Mo ní, “Inú ibí yìí ni ọ́ìlì rẹ̀ wà, sà,” mo sì ṣí agolo ọ́ìlì bíréèkì kí wọ́n lè rí bó ṣe mọ́ tó.

Alàgbà bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó dùn mọ́ wọn.

“Inú gan-an ló yẹ kó wọ̀,” wọ́n ní, wọ́n sì da òróró ọwọ́ wọn sí i.

Kì í ṣe ẹ̀kán kan. Mo rí òróró náà tó léfòó lórí ọ́ìlì bíréèkì, ó rí roboto bí ojú tó ń wò mí. Ó yẹ kí n ti di ọwọ́ wọn mú. Ṣùgbọ́n àdúrà ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo èèyàn ti di ojú, àfi ìyàwó mi. Èmi ló ń wò. Ó ń wò ó bóyá màá rẹ́rìn-ín. Mo bá ṣe àmín, mo sì fi ọwọ́ ara mi dé agolo náà.

Ìyàwó mi àti ọmọ wọ ọkọ̀ padà sílé pẹ̀lú mi. Òkè là ń gùn, kò sí ewu nínú ìyẹn, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹsẹ̀ mi ń làágùn nínú bàtà. Bí a ti délé, mo lọ dúró sẹ́yìn ilé, mo pe mẹkáníìkì.

“Ọ̀rẹ́ mi kan ni,” mo ní. “Wọ́n ṣèèṣì da òróró ólífì sínú ọ́ìlì bíréèkì rẹ̀.”

Ó ní, “Òróró tí wọ́n fi ń gbàdúrà?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ọ̀rẹ́ yín yẹn, ṣé orí òkè lòun náà ń gbé?”

“Ó sún mọ́ wa.”

“Mo rò bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ fún un kó má wa ọkọ̀ náà wá bá mi. Kó má wà á lọ síbikíbi. Èmi ni n óò wá bá a lọ́la, tó bá di ọwọ́ ọ̀sán.”

Mo pinnu pé màá sọ fún ìyàwó mi lẹ́yìn oúnjẹ. Lẹ́yìn oúnjẹ, mo gbọ́ tó ń sọ fún ìyá rẹ̀ lórí fóònù pé ọkàn òun ti balẹ̀, pé Dádì gan-an ṣe àmín. Mo sún un di àárọ̀. Nígbà tó di àárọ̀ Mọ́ńdè, mo jáde, mo bá àwọn méjèèjì nínú ọkọ̀.

“Dádì, ẹ jẹ́ ká lọ. A ti ń pẹ́,” ìyàwó mi ní.

Bẹ́líìtì ọmọ ò tíì wọlé dáadáa. Mo bá a dè é. Títí di òní, ohun tí ọwọ́ mi ṣe níjọ́ náà ṣì ń bà mí lẹ́rù.

Láti ẹnu ọ̀nà ilé wa dé etí òkè, ilẹ̀ tẹ́jú díẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé màá dán bíréèkì wò níbẹ̀, bóyá mẹkáníìkì kàn ń dẹ́rù bà mí ni. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ̀ dúró, bíréèkì dìde padà. Mo sún síwájú, mo tún tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ dúró, ṣùgbọ́n bíréèkì pẹ́ nílẹ̀ kó tó dìde, bí òṣìṣẹ́ ìjọba tó gbọ́ orúkọ rẹ̀ tó ń ṣe bí ẹni pé kò gbọ́. Ní ẹ̀kẹta, kò dìde mọ́. Mo ní láti fi orí bàtà gbé e. Nígbà yẹn, imú gígùn ọkọ̀ bàbá mi ti tẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Mo ń wo òrùlé ilé àwọn ará Maitama, pupa àti àwọ̀ ewé, jìnnà sí ìsàlẹ̀ bí ohun tí èèyàn lè bọ́ lé lórí.

Mo fa bíréèkì ọwọ́, mo yí táyà sí òkúta etí gọ́tà, mo pa ẹ́ńjìnnì. Ìyàwó mi kọjú sí mi.

“Kí ló dé?”

“Bíréèkì ni.”

“Wọ́n gbàdúrà sí i lánàá.”

“Òróró yẹn ni. Inú ọ́ìlì bíréèkì ni wọ́n dà á sí. Èmi ni mo ṣí i fún wọn.” Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí dé orí ọ̀rẹ́ mi tí kò sí.

Ó gbọ́ ọ tán. “Ẹ ti mọ̀ láti àná?”

“Mo ti mọ̀.”

“Ẹ mọ̀, ẹ tún bá ọmọ de bẹ́líìtì.” Ohùn rẹ̀ ò lọ sókè. “Kí lẹ̀ ń bẹ̀rù tó bẹ́ẹ̀? Tó ju òkè yìí lọ?”

Mo ronú. “Ìwọ ni,” mo ní.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ bàtà gíga rẹ̀, ó há a sí abíyá, ó mú ọmọ jáde, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ sọ òkè. Mo gbé òkúta méjì sí iwájú táyà, mo tẹ̀lé wọn. Ọmọ wa, tó ń gbọ́ Yorùbá tí kì í sọ ọ́, fi Gẹ̀ẹ́sì bi ìyá rẹ̀ pé kí ló dé tí à ń fẹsẹ̀ rìn nígbà tí a ní ọkọ̀.

“Ká lè débẹ̀,” ìyá rẹ̀ ní.

Ọkọ̀ akẹ́rù òkúta kan kọjá lára wa, òórùn bíréèkì tó ń jó dúró lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo wa sún mọ́ gọ́tà.

Mẹkáníìkì dé lọ́sàn-án. Ó tú róbà náà jáde, ó gbé e lé mi lọ́wọ́: ó ti rọ̀, ó ti wú bí búrẹ́dì tó rì sínú tíì. “Ẹ kí ọ̀rẹ́ yín,” ó ní. Ó fọ gbogbo ọ̀nà bíréèkì, ó pààrọ̀ gbogbo róbà.

N kò sọ fún Alàgbà. Nígbà tí wọ́n bi mí níwájú ìjọ pé ọkọ̀ ńkọ́, mo ní ó ń dúró dáadáa, sà. Wọ́n yin Ọlọ́run. Ìyàwó mi, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wo bàtà mi.

Oṣù méjì kọjá kó tó tún wọ̀ ọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, kó tó jókòó, ó ní kí n ṣí iwájú, ó wo agolo méjèèjì, ó bi mí ohun tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ní kí n tún un sọ. A wá dé etí òkè. Mo tẹ bíréèkì, ó gbà, ó dìde padà. A ń sọ̀kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Nígbà tí mo ṣẹ́jú wo ẹ̀gbẹ́ mi, mo rí i pé ìyàwó mi ti na ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ síwájú, ó fi ń tẹ ilẹ̀ ọkọ̀ níbi tí kò sí bíréèkì kankan, ó ń tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, kò sì gbé e kúrò títí a fi dé ìsàlẹ̀.